Orí Lòfin Ń Ṣọ́: Ìtàn Ìbọ̀wọ́ Alùpùpù ní Ifákọ̀ àti Kétu

Ìbọ̀wọ́ alùpùpù ni ìbòrí tí ẹni tó ń gun alùpùpù ń fà sọ́wọ́ kí atẹ́gùn, òjò, oòrùn àti ọ̀dà ojú títì má baà rí àtẹ́lẹwọ́ àti ìka rẹ̀ gbé ṣe. Ní Ifákọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbàgádà àti Ṣólùyì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Èkó (Ifákọ̀ ti Ìjàyè, lápá Agége, ibòmíràn nìyẹn), ìtàn ìbọ̀wọ́ kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn ọ̀kadà, ìyẹn alùpùpù tó ń gbé èrò. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Kétu, Alápẹ́rẹ̀, Ìkòsì àti Mile 12. Akoto ní òfin tirẹ̀, ó ní ọlọ́pàá tirẹ̀, ó sì ní ọjọ́ tó da gbogbo orílẹ̀-èdè láàmú. Ìbọ̀wọ́ kò ní irú rẹ̀. Ọlọ́kadà fúnra rẹ̀ ló ń yàn án, ojú ọjọ́ àti àpò rẹ̀ nìkan ló sì ń bá dámọ̀ràn.

Ojú ọjọ́ àdúgbò yìí kì í dúró sójú kan. Àkọ́rọ̀ òjò máa ń dé ní nǹkan bí oṣù Ẹrẹ́nà sí Igbe, òjò á le jù ní Okúdù, á sinmi díẹ̀ ní oṣù Ògún, kí àrọ̀kúrọ̀ tó gbà á ní Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà. Ìgbà àrọ̀kúrọ̀ yìí ni Odò Ògùn máa ń kún bo bèbè, tí omi á wọ Agbóyì, Ajílété àti ẹ̀yìn Òwòdé-Onírin. Ọyẹ́ máa ń fẹ́ wọlé ní Ọ̀pẹ́ àti Ṣẹ́rẹ́. Ọyẹ́ Èkó kò tó ti Kánò, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè má mọ̀ ju pé ètè òun gbẹ. Ẹni tó wà lórí alùpùpù kí ilẹ̀ tó mọ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣíwájú ara yòókù lórí hándù, kò sí ohun tó lè fi ṣe ààbò fún un, oríkèé ìka ni atẹ́gùn sì máa ń kọ́kọ́ mú. Omi tún burú ju atẹ́gùn lọ, nítorí omi máa ń fa ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 bí atẹ́gùn ṣe ń fà á. Ìdí nìyí tí ọlọ́kadà tí òjò Okúdù pa fi lè gbọ̀n ju ẹni tí ọyẹ́ fẹ́ lù lọ. Ìka tó ti le kì í tètè tẹ búréèkì, kì í sì í mọ ìgbà tó ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì dópin. Tó bá wá di ọ̀sán ẹ̀rùn, òógùn á sọ rọ́bà hándù di yíyọ̀. Ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo tó máa kojú gbogbo èyí kò tíì sí.

Kí ọ̀kadà tó dé, alùpùpù jẹ́ ti ẹni tó ń gba owó oṣù. Ní ilẹ̀ òyìnbó, ìbọ̀wọ́ bá alùpùpù wá láti ìpilẹ̀ ni, nítorí òtútù kò fún wọn láyè. Àwọn ọmọ ogun tó ń fi alùpùpù gbé ìwé ní Ogun Àgbáyé Kìíní ti ń wọ ìbọ̀wọ́ awọ tó gùn kọjá ọrùn ọwọ́, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń lò tipẹ́. Nígbà tí alùpùpù dé ilẹ̀ Yorùbá, ìbọ̀wọ́ kò bá a dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Ọlọ́pàá àti ọmọ ogun lè wọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ iṣẹ́ wọn. Tíṣà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kò rò ó. Honda mú alùpùpù kékeré rẹ̀, Super Cub, jáde ní 1958, irú rẹ̀ ló sì di mímọ̀ níbí gẹ́gẹ́ bí Honda 50. Ìgbìmọ̀ Údójì dá àbá àfikún owó oṣù ní 1974, àjẹsílẹ̀ owó náà sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní 1975. Ọ̀pọ̀ ló fi ra alùpùpù tàbí Vespa. Lẹ́yìn náà, Honda dá ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to alùpùpù pọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tà.

Ohun tó mú kí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí lè wà láìní ìbọ̀wọ́ rọrùn láti rí. Alùpùpù wọn kò gbé èrò. Tí òjò bá ṣú, wọ́n á yà sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan títí yóò fi dá. Tí ọyẹ́ bá mú, wọ́n á dúró kí oòrùn yọ. Ẹni tó lè dá òjò dúró dè kò nílò aṣọ òjò púpọ̀, ká má tíì sọ ti ọwọ́.

Ọlọ́kadà kò ní ààyè bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà gbilẹ̀ ní Èkó ní ìparí àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ ní 1986 ti sọ náírà di yẹpẹrẹ, tí mọ́tò tuntun wọ́n, tí bọ́ọ̀sì kò sì tó èrò. Orúkọ tí àwọn ará ìlú fún un jẹ́ àwàdà: Okada Air ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, tó fi orúkọ ìlú rẹ̀ Okada pè, alùpùpù tó ń fò kọjá gosílò sì jogún orúkọ náà. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà ti kógbá sílé láti àwọn ọdún 1990. Orúkọ kò kógbá.

Bí ilẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ṣe rí gan-an bá ọ̀kadà mu. Òpópónà Ìkòròdú ló dà bí igi ńlá láàárín, òun ni mọ́lúè àti dánfó ń tọ̀, wọ́n á sì já èrò sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ta, Kétu tàbí Mile 12. Láti ibẹ̀ wọ inú àdúgbò, ọ̀nà rí wẹ́wẹ́, gọ́tà là á kọjá, bọ́ọ̀sì kì í wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n parí Afárá Kẹta ní 1990, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sọ̀kalẹ̀ sí Òwòròǹṣòkí, Ifákọ̀ di ibi tí ènìyàn ti lè dé Erékùṣù ní kíákíá, bí ó bá ti lè jáde láti inú ilé dé ojú títì. Ìjìnnà kékeré yẹn ni ọ̀kadà ń tà. Mile 12 ní tirẹ̀ jẹ́ ọjà tòmátì, ata àti àlùbọ́sà tí tírélà ń kó bọ̀ láti òkè Ọya lóru mọ́jú, àwọn aláta sì ní láti dé ibẹ̀ kí ọjà tó tú. Ọlọ́kadà tó bá fẹ́ rí owó wọn gbọ́dọ̀ wà lójú títì ní ìdájí, ní wákàtí tí ọyẹ́ mú jù. Bákan náà ni pẹ̀lú òjò: ìgbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ wẹsẹ̀ nínú omi ni owó ọkọ̀ ń gòkè. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ti ọwọ́ sínú òtútù.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi bo ọwọ́ kì í ṣe ti alùpùpù rárá. Inú bọ́síkọ̀nà ni wọ́n ti ṣà á. Aṣọ àlòkù wà lára ohun tí ìjọba Nàìjíríà fòfin dè láti òkè òkun, àmọ́ béèlì ń gba Kútọnu wọlé, ó sì ń tú sílẹ̀ ní Kàtàngúà àti Yábàá. Inú rẹ̀ ni ìbọ̀wọ́ tí àwọn òyìnbó ń wọ̀ nígbà yìnyín wà: ti irun àgùntàn, ti awọ, èyí tí wọ́n fi òwú nípọn sí nínú. Ẹni tó ń ra ìbọ̀wọ́ níbẹ̀ kò lè béèrè ìwọ̀n tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu, bó bá rí ọ̀tún àti òsì tó jọra, ó ti ṣoríire. Ti irun àgùntàn dára nínú ọyẹ́ gbígbẹ, ó fẹ́lẹ́, kò sì dí ìka lọ́wọ́. Bí òjò bá bà á, ó ti di kànìnkànìn: á mu omi, á wúwo, á sì gbé òtútù mọ́ ọwọ́. Ìbọ̀sẹ̀ tí àwọn kan ń fà sọ́wọ́ kò sàn jù bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ tún ń yọ̀ lórí hándù. Èyí tí òwú nípọn wà nínú rẹ̀ gbóná débi pé kò sẹ́ni tó lè fi í sọ́wọ́ di aago mẹ́wàá àárọ̀, ìka inú rẹ̀ kò sì mọ búréèkì yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́.

Ìbọ̀wọ́ òwú funfun tí wọ́n ta rọ́bà tótòtó sí àtẹ́lẹwọ́, tí àwọn alágbàáàrù àti òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ ń lò, ló gba ipò láàárín. Owó rẹ̀ kéré, rọ́bà rẹ̀ di hándù mú, bó bá dọ̀tí, fífọ̀ ni. Kò sì ní ohun tó fi gba ọwọ́ là bí ènìyàn bá ṣubú. Ti òjò ńkọ́? Láílọ́ọ̀nù ni. Ọlọ́kadà á ti ọwọ́ bọ inú báàgì láílọ́ọ̀nù, á fi okùn tàbí rọ́bà so ó mọ́ ọrùn ọwọ́, á sì wọ aṣọ òjò lé e. Omi kò ní wọlé, òógùn kò sì ní jáde, ìka mẹ́rin á sì wà pọ̀ bí ẹyọ kan. Ọgbọ́n àìní ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ìṣòro tí láílọ́ọ̀nù yìí kò lè yanjú gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá òkè òkun fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ojútùú sí. Ní 1969 ni Bob Gore, ará Amẹ́ríkà, rí i pé bí wọ́n bá fa irú ike kan lójijì, yóò ní àwọn ihò tíńtín tí ẹ̀kán omi kò lè gbà kọjá, ṣùgbọ́n tí ooru òógùn lè gbà jáde. Ìyẹn ló di Gore-Tex, tí wọ́n ń tà láti àárín àwọn ọdún 1970, tó sì wọ inú ìbọ̀wọ́ alùpùpù olówó ńlá. Nínú ooru Èkó, iṣẹ́ rẹ̀ kò tó bí ó ti tó ní Yúróòpù: òógùn máa ń jáde geere nígbà tí afẹ́fẹ́ ìta bá tutù tó sì gbẹ, afẹ́fẹ́ oṣù Okúdù ní etí ọ̀sà kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Awọ ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà kò sì jìnnà sílé. Awọ ewúrẹ́ wà lára èyí tí àwọn tó ń rán ìbọ̀wọ́ alùpùpù fẹ́ràn jù, torí ó fẹ́lẹ́, ó rọ̀, kò sì tètè ya. Ewúrẹ́ pupa Ṣókótó ní òkìkí lórí èyí láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Àwọn oníṣòwò ràkúnmí ń kó awọ rẹ̀ tó ti di pípa láró la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Mòrókò, àwọn òyìnbó tó ń rà á níbẹ̀ sì ń pè é ní awọ Mòrókò, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí ewúrẹ́ náà sí. Títí di òní, àwọn ilé-iṣẹ́ awọ ní Kánò ń ta awọ ewúrẹ́ àti ti àgùntàn sí Ítálì àti Sípéènì. Kò sí ohun tó ní kí ìbọ̀wọ́ awọ àlòkù tí ọlọ́kadà Kétu ṣà nínú béèlì má jẹ́ awọ ewúrẹ́ òkè Ọya tó rin ìrìn àjò lọ sí Yúróòpù tó sì padà wálé. Ó kàn jẹ́ pé kò bá òjò Èkó rẹ́ ni. Awọ tí omi bá kan tí wọ́n sá sí oòrùn líle á gan paali, èyí tí wọ́n ká jọ ní tútù á hu èbu. Inú ilé tí atẹ́gùn ń gbà, níbi òjìji, ló yẹ kí ó ti gbẹ.

Ní gbogbo ìgbà yìí, orí ni ìjọba àti àwọn onímọ̀ ń ṣọ́. Ó ní ìdí. Hugh Cairns, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Australia, wà lára àwọn dókítà tó tọ́jú T. E. Lawrence, ológun Gẹ̀ẹ́sì tó lókìkí, nígbà tí alùpùpù gbé e ṣubú ní Ìlú Ọba ní oṣù Èbìbí 1935. Lawrence kú, Cairns sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí nípa orí àwọn ọmọ ogun tó ń gun alùpùpù. Ìwé tó kọ jáde ní 1941 wà lára ohun tó mú kí akoto di dandan fún wọn. Láti ibẹ̀ ni ìmọ̀ náà ti tàn ká. Nàìjíríà dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀ ní 1988, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2009, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà àti èrò tí kò dé akoto. Ariwo ta. Àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà, ìròyìn náà sì káàkiri ayé. Nígbà tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí òfin ìrìnnà Èkó ní oṣù Ògún 2012, tó lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀nà 475, akoto tún wà níbẹ̀ fún awakọ̀ àti fún èrò.

Nínú gbogbo àríyànjiyàn wọ̀nyí, ọwọ́ kò rí agbẹnusọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọwọ́ ni ènìyàn máa ń kọ́kọ́ nà sílẹ̀ bó bá ń ṣubú. Àtẹ́lẹwọ́ á bó lórí ọ̀dà, àwọn egungun wẹ́wẹ́ ọrùn ọwọ́ á kán, ẹni tí èyí bá sì ṣẹlẹ̀ sí kò ní lè lọ́ hándù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Òpópónà Ìkòròdú kan náà tó gbé ọ̀kadà dé Kétu ló gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì kọjá, ilé ìwòsàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945 nítorí àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, tó sì wá di ibi tí ará Èkó ń dárúkọ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń kìlọ̀ nípa ọ̀kadà. Orí tó fọ́ lè pa ènìyàn, ó yẹ kó ṣíwájú. Àmọ́ ọwọ́ ni ọlọ́kadà fi ń jẹun.

Ní Yúróòpù, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán ìbọ̀wọ́ alùpùpù wò, EN 13594, jáde ní 2002, wọ́n sì tún un ṣe ní 2015. Ó ń wo bí awọ ṣe pẹ́ tó kó tó họ lórí ojú títì, bí ojú rírán ṣe lágbára tó, bóyá ìbọ̀wọ́ lè bọ́ kúrò lọ́wọ́ nígbà ìṣubú, àti bóyá ohun líle tó wà lórí oríkèé ìka ń ṣiṣẹ́. Ohun tó dé Èkó ní àsìkò kan náà yàtọ̀ sí èyí. Bí alùpùpù olówó pọ́ọ́kú ti Ṣáínà bíi Jincheng, àti Bajaj Boxer ti Íńdíà lẹ́yìn rẹ̀, ṣe gba ipò lọ́wọ́ Honda, ni ìbọ̀wọ́ Ṣáínà gba ipò lọ́wọ́ ti bọ́síkọ̀nà. Aṣọ tó ní ihò, ìka tí wọ́n gé ní ìdajì, ike dúdú líle lórí oríkèé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní àmì ìdánwò kankan, ike náà sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Síbẹ̀ ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ọlọ́kadà lè ra ìbọ̀wọ́ tí wọ́n rán fún alùpùpù, tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu, tí atẹ́gùn sì ń gbà ní ọ̀sán ẹ̀rùn. Àwọn tó ra èyí tí wọ́n gé ìka rẹ̀ ra ìtura, wọ́n sì fi orí ìka sílẹ̀ fún ọyẹ́.

Ìyípadà tó tóbi jù wá láti ọwọ́ ẹni tó ń san owó ohun tí awakọ̀ ń wọ̀. Ilé-iṣẹ́ alùpùpù MAX bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2015, Gokada ní 2018, ORide ti OPay ní 2019. Èrò ń fi fóònù pè wọ́n, wọ́n sì fún awakọ̀ ní akoto àti aṣọ ilé-iṣẹ́. Ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí iṣẹ́ tó ní ọ̀gá. Kò pẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé 2020, ìjọba Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Apápá, Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Erékùṣù Èkó, Mainland àti Súrùlérè. Kòsọ́fẹ́ kò sí nínú wọn. ORide kógbá wọlé lọ́dún náà, Gokada sì yí padà sí gbígbé ẹrù. Ní òpin oṣù Ẹrẹ́nà, kòrónà ti gbogbo ènìyàn mọ́lé, oúnjẹ àti ọjà sì ní láti máa bá wọn nílé. Iṣẹ́ dísípáàṣì, tí àwọn oníwèé-kíákíá bíi Red Star ti ń ṣe láti àwọn ọdún 1990, tí Jumia àti Konga sì fẹ̀ lójú láti 2012, wá di iṣẹ́ tó gba ọ̀dọ́ púpọ̀.

Òfin dé Kòsọ́fẹ́ náà ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2022, pẹ̀lú Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Múṣín, tó kan Ìkòsì-Ìṣẹ̀rí àti Agbóyì-Kétu lábẹ́ rẹ̀. Òfin náà yọ àwọn tó ń gbé ẹrù sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá, tó gba orúkọ Buba Marwa tó ṣe olórí ìjọba ológun ní Èkó láti 1996 sí 1999, ló gba ọ̀pọ̀ èrò tí ọ̀kadà ń gbé. Kẹ̀kẹ́ ní òrùlé, ó sì ní gíláàsì níwájú. Ọlọ́kadà tó di oníkẹ̀kẹ́ lè fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tọrẹ.

Ìbọ̀wọ́ wá kù sọ́wọ́ àwọn dísípáàṣì, ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ sì tún yàtọ̀. Ọlọ́kadà àtijọ́ mọ ọ̀nà Ifákọ̀ lórí, dísípáàṣì ń tẹ fóònù lórí hándù láti mọ ojúlé oníbàárà, ojú fóònù kò sì mọ ìka tí aṣọ bò. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń gé orí ìka ìlábẹ̀ kan sọnù lára ìbọ̀wọ́ tó dáa. Àwọn mìíràn ń ra irú èyí tí wọ́n fi òwú tó ń gbé iná hun orí ìka rẹ̀. Bó bá rọ̀, fóònù á wọ àpò, nítorí omi lójú rẹ̀ ń darí rẹ̀ ju ìka lọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í wá ìbọ̀wọ́ kan fún gbogbo ọdún mọ́, méjì ló ń ní: èyí tó fẹ́lẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jẹ́ awọ, fún ẹ̀rùn àti fún ọyẹ́ ọ̀sán, àti èyí tí omi kì í wọ̀, tó fẹ̀ díẹ̀ kí ìka tó tutù lè bọ́ sínú rẹ̀ láìfa aṣọ inú yọ. Etí rẹ̀ máa ń wà lábẹ́ ọwọ́ aṣọ òjò, torí bí ó bá bo ọwọ́ aṣọ lóde, omi tó ń ṣàn bọ̀ láti èjìká á gba inú rẹ̀ kún. Èyí tí kò sí lọ́wọ́ máa ń wà nínú àpótí ẹ̀yìn, pẹ̀lú ẹrù oníbàárà.